Ayálégbé méjìlá tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan

Mátírọ́nù ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè wọ́n níhìn-ín. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2017. Opó ni wọ́n, ọmọ wọn ọkùnrin sì wà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì wọn jáde, wọ́n mú bébà kan wá bá mi ní ọ́fíìsì tí mo ti ń bá àwọn tó fẹ́ fowó kọ́lé ṣírò èrè. Éjẹ́ǹtì kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló kọ ọ́ fún wọn, ìlà kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀: yàrá 12, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún 200 lọ́dọọdún.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ ni pé yàrá ń wọ́n ní Ifẹ̀. Ìbàdàn ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó kó dé Ifẹ̀ ní 1967, ó sì ti pẹ́ tí ibùsùn inú ọgbà kò ti kárí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ẹni tí kò bá rí ààyè ní Angola, Mozambique, Awo, Fajuyi tàbí Moremi, ìta ni yóò wábi gbà sí: Asherifa, Damico, Lágere, Mayfair. Ìhà Asherifa ni ilẹ̀ tí Mátírọ́nù ń wò wà, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn kì í pẹ́ dé gééti. Ilé tó bá wà níbẹ̀ kì í wá ayálégbé, ayálégbé ní ń wá a.

Mo mú bírò, mo bá wọn ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀, ilé, kànga ẹ̀rọ, ṣọ́kàwéè àti fẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ yóò gbà tó mílíọ̀nù 12 ó lé ẹgbẹ̀rún 400. Bí gbogbo yàrá bá kún, owó ilé ọdún kan jẹ́ ìdá 9.7 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n fẹ́ ná. Ní àsìkò yẹn, treasury bills, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba àpapọ̀ fún èlé, ń mú ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, òrùlé rẹ̀ kì í jò, kò sì sí ẹni tí yóò pe èèyàn lóru pé omi ò yọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá yọ àwọn ohun tí kì í sí lórí bébà éjẹ́ǹtì. Ká ní yàrá kan ṣófo lọ́dún, 100,000. Owó ẹni tó ń bójú tó ilé, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó wọlé, 110,000. Ọlọ́dẹ, 15,000 lóṣù, ìyẹn 180,000 lọ́dún. Àtúnṣe, epo jẹnẹrétọ̀ tí ń fa omi, fífa ṣọ́kàwéè, 140,000. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ 670,000, ìyẹn ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mátírọ́nù wo ó, wọ́n ní owó tó bá wà ní báńkì, bí àwọn bá kú, báńkì àti ìwé ẹ̀rí ilé ẹjọ́ ni àwọn ọmọ yóò máa bá fà á, ṣùgbọ́n ilé, gbogbo ayé ló ń rí i. Mi ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Èmi náà mọ̀ pé owó ilé máa ń gòkè, pé ilẹ̀ ẹ̀bá yunifásítì kì í pọ̀ sí i, àti pé náírà tí a kó sí báńkì kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ìdí wà láti kọ́ ilé náà. Ohun tí mi ò rí lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí.

Ti ilẹ̀ kò gbà wá lọ́jọ́ púpọ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni. A kọ̀ láti sanwó fún ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó ń mú wa káàkiri, ó di ìgbà tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà láti ojúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, tí wọ́n sì fọwọ́ síwèé. Bí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà ilẹ̀ ẹbí kò tilẹ̀ dúró lábẹ́ òfin rárá. Bí òun nìkan bá sì tà á láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, wọ́n lè lọ tú u ká ní kóòtù. A gbé ìwé sọ̀fíyè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti wádìí bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, ó sì mọ́. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù nípa ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni a fi ojú sí. Ìṣòro kò gba ibẹ̀ wá.

Oṣù kẹsàn-án 2019 ni owó tán nígbà tí ilé ku ilẹ̀kùn, sílíǹgì àti kànga. Mátírọ́nù yá mílíọ̀nù méjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ti wà láti ìgbà iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n tọ́ sọ́nà nígbà tí àwọn yẹn wà ní kékeré ló ṣe onídùúró. Oṣù 36 ni wọn yóò fi dá a padà, 63,000 lóṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀: 756,000 lọ́dún, nígbà tí ilé yóò mú 670,000 wá. Mo rí i pé 86,000 dín níbẹ̀, mo sì sọ fún wọn pé pẹ́ńṣọ̀n wọn, 70,000 lóṣù, lè di ihò yẹn. Ó lè dí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni owó ilé ń wọlé, oṣooṣù sì ni gbèsè ń béèrè oúnjẹ. Mi ò kọ ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, ó sì yẹ kí n kọ ọ́.

Oṣù kẹwàá ni a ṣílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yàrá méjìlá kún. Mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún 200 wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi táìlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n kun ilé, wọ́n san gbèsè bíríkìlà, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìnákúnàá kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún yóò fi yí, 400,000 ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 2020, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀. Kí ó tó parí, àrùn kòrónà ti ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ pa, ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ sì di èyí tí kò lọ́jọ́. Oṣù kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Àwọn ọmọ kó lọ sílé, wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kẹwàá, ọdún wọn pé. Éjẹ́ǹtì pè wọ́n kí wọ́n wá sanwó, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì sọ: oṣù márùn-ún péré ni àwọn fi gbé ilé tí àwọn san owó ọdún kan fún.

Mátírọ́nù ti san owó oṣù títí 400,000 náà fi tán, pẹ́ńṣọ̀n ni wọ́n wá ń fi san án, 7,000 ló ń kù fún wọn láti jẹun lóṣù. Oṣù kẹjọ, wọn ò rí i san. Ìkẹsàn-án, ìkẹwàá. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n yọ owó nínú owó oṣù àwọn onídùúró. Ọ̀kan nínú wọn pe Mátírọ́nù, kò bú wọn, kò sì ráhùn. Ó kàn ní, "Ẹ má bínú, mà, mo ní kí n sọ fún yín ni." Mátírọ́nù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohùn yẹn dun àwọn ju ọjọ́ tí ọkọ àwọn kú lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ní kí éjẹ́ǹtì ra ágádágodo méjìlá, kí ó fi wọ́n sí gbogbo ilẹ̀kùn. Wọn kò bi mí. Bí wọ́n bá bi mí, ǹ bá ní rárá, nítorí pé bí owó ayálégbé bá tilẹ̀ parí, onílé kò ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ ara rẹ̀ tì í síta. Ìwé ìkìlọ̀ àti kóòtù ni òfin ní kí ó gbà. Ẹrù àwọn ọmọ wà nínú yàrá, ìwé wọn, aṣọ wọn, kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ lọ́yà. Ìwé rẹ̀ dé kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé. Mo bá ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀, èmi àti ọlọ́dẹ ni a já ágádágodo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì pe òbí kọ̀ọ̀kan láti bẹ̀ wọ́n. Kò dé kóòtù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ń múra àtiṣí, méje nínú méjìlá kó jáde, ìròyìn ilé náà sì ti lọ káàkiri orí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní oṣù kìíní 2021 a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, èmi àti Mátírọ́nù, ọmọ wọn sì wà lórí fóònù. Ẹnì kan ti fẹ́ ra ilé náà ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ọmọ wọn ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n san gbèsè, kí wọ́n sinmi. Éjẹ́ǹtì ní kí wọ́n já owó ilé wá sí 70,000, yàrá yóò kún. Mátírọ́nù kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń wo àwọn ilẹ̀kùn méje tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ẹ wò ó, mo ṣe bí ayálégbé méjìlá ni mo ní. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn wọlé, ọjọ́ kan náà ni wọ́n lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yí ẹjọ́ náà padà. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì ti ń kọ "yàrá kan ṣófo nínú méjìlá" sórí bébà, bí ẹni pé yàrá a máa ṣófo níkọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Bódìjà, níbi tí ayálégbé kan ti jẹ́ oníṣòwò, tí èkejì ń ṣiṣẹ́ báńkì, tí ẹ̀kẹta ń kọ́ ọmọ. Ní Asherifa, àwọn méjèèjìlá, gééti kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí gééti bá tì, kì í ṣe yàrá kan ló ń ṣófo. Kí a já owó ilé wálẹ̀ kò lè wo àrùn yẹn: 70,000 tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nílùú láti san, òfo náà ni. Títà sì túmọ̀ sí pé a fẹ́ gba ohun tó dín sí owó tí a ná, ní àsìkò tí gbogbo olùrà mọ̀ pé ìdààmú bá onílé.

Ilé náà rí bí lẹ́tà U. Yàrá mẹ́fà wà lẹ́yìn, méjì méjì ni wọ́n pín ògiri. A mú ẹ̀ńjíníà wá wò ó, ó ní ògiri àárín yẹn kò gbé ohunkóhun dání. A bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó kù kí gbogbo wọn wá síwájú, a sì sọ yàrá mẹ́fà ẹ̀yìn di yàrá-àti-pálọ̀ mẹ́ta fún òṣìṣẹ́. Ọmọ Mátírọ́nù fi 840,000 ránṣẹ́ fún iṣẹ́ náà, ó sì san oṣù mẹ́ta tí wọ́n jẹ ẹgbẹ́. Àwọn onídùúró gba owó wọn padà pátápátá, Mátírọ́nù fúnra wọn ló gbé e lọ fún wọn nílé.

Èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí a bá fi yàrá 12 sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 110,000, mílíọ̀nù kan ó lé 320,000 ni. Lẹ́yìn àyípadà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ń san 660,000, yàrá-àti-pálọ̀ mẹ́ta ń san 160,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 480,000, àpapọ̀ rẹ̀ mílíọ̀nù kan ó lé 140,000. 180,000 lọ́dọọdún ni a jù nù tọkàntọkàn. Éjẹ́ǹtì rò pé orí wa ti dàrú.

Ohun kan wà tí mo takú lé lórí: a kò ní gba òṣìṣẹ́ yunifásítì sí ẹ̀yìn náà. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì béèrè. Ṣùgbọ́n gééti kan náà ni owó oṣù tiwọn ń gbà jáde. Nọ́ọ̀sì méjì láti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni ni a gbà. Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìlera náà a máa yanṣẹ́ lódì, ṣùgbọ́n wọn kì í kó kúrò nílùú nítorí rẹ̀.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, a fi oṣù márùn-ún san díẹ̀ padà fún wọn nínú oṣù méje tí wọ́n pàdánù, láti oṣù kejì sí ìkẹfà 2021, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san owó tuntun ní oṣù keje. A kọ ọ́ sínú àgíríìmẹ́ǹtì pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ, ìdajì àkókò tó fi tì ni a ó fi kún ọdún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kẹfà dé láìpẹ́. Nígbà tí owó gbogbo wọn wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, 756,000 kọ́kọ́ lọ sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún gbèsè oṣù méjìlá. Ohun tó kù ni ilé fi ń jẹun.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì 2022, ASUU tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni, títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá. Ìjọba kọ̀ láti san owó oṣù àwọn olùkọ́ fún ìgbà tí wọn kò ṣiṣẹ́, Asherifa sì dá wáí. Mo ń retí kí Mátírọ́nù pè mí pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n pè lóòótọ́, ní oṣù kẹrin, láti béèrè bóyá kí àwọn pààrọ̀ páìpù kan tó ń jò. Owó gbèsè ń jáde láti àkáǹtì ọ̀tọ̀ yẹn lóṣooṣù. Ọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó pé ní ìparí oṣù kẹfà, oṣù mẹ́rin sì bọ́ sórí rẹ̀ bí a ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó di ìparí oṣù kẹwàá. Nígbà tí kíláàsì ṣí, wọ́n padà wá bá ẹrù wọn bí wọ́n ti fi í sílẹ̀, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì sanwó ní oṣù kọkànlá. Oṣù mẹ́rin lórí yàrá mẹ́fà, 220,000, ni ìyanṣẹ́lódì yẹn gbà lọ́wọ́ ilé náà. Gbèsè parí ní oṣù kẹjọ nígbà tí yunifásítì ṣì wà ní títì.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Ọkùnrin ilé iṣẹ́ aládàáni yẹn sanwó ẹ̀ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni òfin fún ayálégbé ọlọ́dọọdún tí àgíríìmẹ́ǹtì kò bá sọ nǹkan mìíràn, lẹ́yìn rẹ̀ ti ọjọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ kóòtù. Tiwa kò sọ nǹkan mìíràn. Oṣù kẹsàn-án 2023 ló tó kó jáde, oṣù 14 ló jẹ, nǹkan bíi 187,000, yàtọ̀ sí owó lọ́yà. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe irú ìyẹn. Bí wọ́n bá jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á lọ. Ewu òṣìṣẹ́ ni pé ó lè dúró láìsanwó. Láti ìgbà yẹn, ìkìlọ̀ oṣù kan ni mo ń kọ sínú gbogbo àgíríìmẹ́ǹtì tó bá kọjá lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ náírà náà wà níbẹ̀, ọmọ wọn ni kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ní 2019, nígbà tí dọ́là kan jẹ́ bíi 360 náírà, owó ilé ọdún àkọ́kọ́ tó 3,300 dọ́là. Ní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ ń san 250,000, yàrá-àti-pálọ̀ 350,000, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n dọ́là ti tó 1,500, nítorí náà 1,700 dọ́là péré ni. Lójú ẹni tó fi dọ́là ránṣẹ́, ilé náà ti dínkù ní ìdajì. Lójú Mátírọ́nù tó ń fi náírà ra gààrí, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, mo sì ti kọ́ láti béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi irú owó tí yóò fi jẹun kí n tó bá a ṣírò èrè. Ohun tó gbe ilé náà ni pé kò sí ẹni tó lè fi mílíọ̀nù 12 kọ́ irú rẹ̀ mọ́: àpò sìmẹ́ǹtì tó jẹ́ bíi 2,600 ní 2019 ti kọjá 7,000.

Bébà tí mo ń lò ní ọ́fíìsì ti yí padà. Mi ò kọ iye yàrá sókè mọ́. Ibi tí owó ayálégbé kọ̀ọ̀kan ti ń wá ni mo kọ́kọ́ ń kọ, bí orísun kan náà bá fara hàn ju ìdajì lọ, mo fi bírò pupa yí i ká, a ó sì ṣírò ọdún kan tí orísun yẹn gbẹ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn ni oṣù tí owó ń wọlé àti oṣù tí gbèsè ń jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí onídùúró bá wà, mo ń ní kí oníbàárà pè é wá, kí òun náà rí ọdún gbígbẹ yẹn kí ó tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan ti dìde ní ọ́fíìsì mi nítorí ìyẹn. Mo jẹ́ kí wọ́n lọ.

Lọ́dún tó kọjá, éjẹ́ǹtì tún wá bá Mátírọ́nù. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, ó ní kí wọ́n tún ògiri ẹ̀yìn mọ padà, yàrá mẹ́fà ni 1,500,000, èyí tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò ju 1,050,000 lọ. Wọ́n pè mí, mo lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni. Àwọn ọmọ wà níwájú pẹ̀lú ìwé wọn, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ẹ̀yìn ń sá yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sórí okùn. Mátírọ́nù wo yunifọ́ọ̀mù náà, wọ́n sì sọ fún éjẹ́ǹtì pé kí ó bá àwọn wá ẹni tó ń kun ilé, pé ògiri ẹ̀yìn ti ṣá.